Ooru Inú Yàrá Ìlọṣọ

Gbogbo ilé iṣẹ́ ìfọṣọ náà ló mọ̀ ọ́n sí Àǹtí Jẹ́jẹ́. Bó bá ń rìn, ẹ ò ní gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀. Bó bá ń sọ̀rọ̀, ẹni tó dúró tì í nìkan ló máa gbọ́. Ariwo ẹ̀rọ kì í jẹ́ káwọn èèyàn gbọ́ ara wọn yé níbẹ̀, nítorí náà igbe ni kálukú máa ń ké, àfi òun. Bó bá fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀, á rìn wá bá ọ níbi tó o wà, á fọwọ́ kàn ọ́ léjìká, á sì rọra sọ ọ́ sí ọ létí. Lọ́jọ́ tí ìròyìn wá jáde pé ó ti máníjà mọ́ inú yàrá ìlọṣọ, pé ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọ́ bí ọkùnrin náà ṣe ń ké, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ní irọ́ ni, pé ẹlòmíì ni wọ́n ń sọ.

Òun gan-an ni. Bọ́rọ̀ ọ̀hún sì ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí.

Àbúrò kan ṣoṣo ló ní. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni wọ́n ń pe ọmọ náà, torí ó ga, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Bó bá dúró sáàárín àwọn aṣọ bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n sá, orí rẹ̀ nìkan lẹ máa rí. Kò tíì mọ ìrìn rìn dáadáa nígbà tí ìyá wọn kú, ẹ̀yìn Àǹtí Jẹ́jẹ́ ló sì gbà dàgbà. Òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló fi í sílé ìwé, òun náà ló bá a wá iṣẹ́ sílé ìfọṣọ nígbà tó ní òun fẹ́ gbéyàwó. Àǹtí Jẹ́jẹ́ wà lẹ́ka tó ń kó aṣọ jáde. Bí wọ́n bá ti fọ̀ ọ́, tí wọ́n lọ̀ ọ́, tí wọ́n sì ká a, òun àti awakọ̀ ni wọ́n jọ máa ń gbé e lọ fáwọn òtẹ́ẹ̀lì tó ni ín. Yàrá ìlọṣọ ni wọ́n fi Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ sí.

Aláwàdà ni. Ó máa ń sọ fáwọn tí wọ́n jọ ń lọṣọ pé kí wọ́n jẹ́ kóun kọ́kọ́ sùn lórí aṣọ bẹ́ẹ̀dì tóun ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ tán, kóun fi mọ̀ bóyá iṣẹ́ òun dáa. Kì í mutí. Níbi tí ọ̀rọ̀ náà le dé, ńṣe làwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń pè é ní alága ẹgbẹ́ àwọn amumínírà.

Yàrá ìlọṣọ náà wà lẹ́yìn pátápátá, ó fẹ̀gbẹ́ ti ibi tí wọ́n ti ń hó omi. Páànù ni wọ́n fi bo orí rẹ̀, kò sì sí nǹkan kan lábẹ́ páànù náà tó lè dá oòrùn dúró. Àwọn páìpù tó ń gbé èéfín omi gbígbóná wá sára tábìlì ìlọṣọ gba ara ògiri kọjá, bí èèyàn bá fara kàn wọ́n, awọ ara á bó. Fèrèsé wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ o. Máníjà ló ní kí wọ́n kàn wọ́n pa, ó ní eruku títì ń bà lé aṣọ funfun àwọn oníbàárà. Òun náà ló ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé omi mímu wọbẹ̀, kí wọ́n má bàa dà á sórí aṣọ tó ti gbẹ. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ọ́, kó o ní sùúrù di àkókò oúnjẹ.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ooru mú débi pé àwọn arúgbó pàápàá ní àwọn ò rí irú ẹ̀ rí. Ọ̀dà títì ń lẹ̀ mọ́ bàtà. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ńṣe ni ògiri ilé á bẹ̀rẹ̀ sí í tú ooru tó ti mu látàárọ̀ jáde, táwọn èèyàn á gbé ẹní wá sí ìta. Rédíò ń kìlọ̀ lójoojúmọ́ pé káwọn èèyàn máa mu omi, kí wọ́n sá kúrò nínú oòrùn, kí wọ́n máa yọjú sáwọn àgbàlagbà tó ń dá gbé. Nílé ìfọṣọ, iṣẹ́ ń pọ̀ sí i ni, torí àwọn tó sọ̀ sí òtẹ́ẹ̀lì ń làágùn bo bẹ́ẹ̀dì, wọ́n sì ń fẹ́ aṣọ tuntun ní gbogbo ìgbà.

Àǹtí Jẹ́jẹ́ ti bá awakọ̀ jáde lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ọkọ̀ wọn padà wọ ọgbà, ó rí èrò lábẹ́ àtíbàbà onípáànù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, níbi tí wọ́n ń kó àwọn apẹ̀rẹ̀ tó ti já sí. Wọ́n yà fún un. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló nà gbalaja sílẹ̀ láàárín àwọn apẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ gígùn jáde sínú oòrùn. Ó fọwọ́ kàn án níwájú orí, ó sì yára gba ọwọ́ rẹ̀ padà. Ó ti kú, síbẹ̀ ara rẹ̀ ṣì gbóná bí áyọ́ọ̀nù.

Màmá Akáṣọ, ìyá àgbàlagbà tó máa ń ká aṣọ nínú yàrá ìlọṣọ, ló ròyìn fún un. Ó ń sọkún, ó ń sọ ọ́.

“Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ ló kọ́kọ́ dàrú. Ó ń ká aṣọ tí kò sí níbẹ̀. Ó na ọwọ́ méjèèjì báyìí, ó ń ká afẹ́fẹ́, ó ní kí n bá òun di etí kejì mú. Mo rò pé ó ń ṣàwàdà ẹ̀ ni. Ìgbà tó wá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, a ké sí máníjà. Máníjà wò ó, ó ní ó ti mutí yó. Ó ní ká gbé e síta, kí ojú ẹ̀ lọ dá.”

“Ẹ fún un lómi?”

“Máníjà ní kí ẹnikẹ́ni má dúró tì í. Ó ní ká padà sẹ́nu iṣẹ́.”

Àǹtí Jẹ́jẹ́ kò bú sẹ́kún. Ó fa ẹsẹ̀ àbúrò rẹ̀ wọ abẹ́ òjìji, ó sì jókòó tì í.

Lọ́jọ́ kejì, máníjà pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ sínú ọgbà. Ó de táì, ó fi áńkáṣíìfù funfun nu ojú, ó sì ní kí Ọlọ́run tẹ́ olóògbé sí afẹ́fẹ́ rere. Lẹ́yìn náà ló wá fi kún un pé, “Ẹ̀yin náà ti fojú ara yín rí ohun tí ọtí ń fà.” Àǹtí Jẹ́jẹ́ dúró níwájú níbẹ̀, ó ń wo ẹnu tó sọ ọ̀rọ̀ náà. Ó wo ètè rẹ̀, ó wo eyín rẹ̀. 

Ọ̀rọ̀ náà rìn ju òkú lọ. Ó dé àdúgbò, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn àna, ó dé ọ̀dọ̀ oníṣọ́ọ̀bù tó ń ta mínírà fún olóògbé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyàwó Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń fọ́mọ lọ́mú, ló bá gbójú sókè, ó bi í pé: “Àǹtí, ẹ má bínú o. Ṣé ó ń mu ún níbi iṣẹ́ ni, tí mi ò mọ̀?”

Ìgbà yẹn ni nǹkan kan já nínú Àǹtí Jẹ́jẹ́. Wọ́n ti pa àbúrò rẹ̀ tán, wọ́n tún fẹ́ gba èyí tó kù nínú rẹ̀ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀.

Ó lọ sílé ìwòsàn tí wọ́n gbé òkú náà lọ. Nọ́ọ̀sì tó gba òkú náà jáde sí i ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n sì jókòó sórí bẹ́ńṣì. Nọ́ọ̀sì náà kò fi bọpo bọyọ̀.

“Kò sí òórùn ọtí lẹ́nu ẹ̀. Ooru ló pa á. Bí ooru bá wọ èèyàn lára ju bó ṣe yẹ lọ, ọpọlọ á kọ́kọ́ dàrú. Ẹni náà á máa sọ ìsọkúsọ, á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń ṣì í mú. Àwọn kan kì í làágùn mọ́, àwọn míì á ṣì máa làágùn. Tẹ́ ẹ bá ti rí i pé orí ń dàrú nínú ooru, ẹ má dúró wo nǹkan kan mọ́.”

“Kí ni wọn ì bá ṣe fún un?”

“Kí wọ́n gbé e sí ibi tó tutù, kí wọ́n bọ́ aṣọ lára ẹ̀, kí wọ́n da omi tútù sí i látòkè délẹ̀, kí wọ́n fi aṣọ tútù bò ó, kí wọ́n máa fẹ́ ẹ, kí wọ́n má dáwọ́ dúró títí ara ẹ̀ á fi rọlẹ̀ tàbí tí ọkọ̀ ilé ìwòsàn á fi dé. Kí wọ́n má rọ ọ́ lómi lẹ́nu bí kò bá mọ ibi tó wà, kó má bàa há a. Ìyẹn náà ni.”

“Omi àti aṣọ,” ni Àǹtí Jẹ́jẹ́ wí.

“Omi àti aṣọ. Pẹ̀lú ìkánjú.”

Ó dìde. Nínú ilé tí omi ti ń ṣàn látàárọ̀ ṣúlẹ̀, nínú ilé tí aṣọ kún dé àjà, ni àbúrò rẹ̀ ti kú nítorí àìrí omi àti aṣọ. Ó gba ọ̀nà ilé. Ó búra fún ara rẹ̀ pé ẹnu tó sọ pé ọtí ni, ẹnu yẹn kan náà ló máa sọ pé ooru ni, bó bá tiẹ̀ gba pé kóun fọwọ́ òun tì í wọnú ooru ọ̀hún.

Ó lọ bá máníjà ní ọ́fíìsì, níbi tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń kùn yunmu, ó ní kó jẹ́ kóun lọ sí yàrá ìlọṣọ, sídìí tábìlì àbúrò òun. Inú máníjà dùn, torí kò rí ẹni tó fẹ́ lọ síbẹ̀.

“Àǹtí Jẹ́jẹ́, èèyàn dáadáa ni ẹ́. O ò gbé nǹkan sọ́kàn.”

“Ẹ ṣé, sà.”

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wọ yàrá náà. Òtútù dé, ó lọ; òjò dé, ó lọ. Àǹtí Jẹ́jẹ́ ń lọṣọ, ó ń wo máníjà. Ó mọ ìró bàtà rẹ̀, ó mọ bó ṣe máa ń húkọ́ kó tó wọlé. Nígbà kan tí ọkùnrin náà ṣàìsàn, tí àwọn òṣìṣẹ́ ń yọ̀ lábẹ́lẹ̀, òun nìkan ló ń gbàdúrà pé kí ara rẹ̀ yá. Àdúrà àtọkànwá ni o. Kò fẹ́ kí àìsàn lásán wá gba ọkùnrin náà mọ́ òun lọ́wọ́. Nígbà tó padà sẹ́nu iṣẹ́, Àǹtí Jẹ́jẹ́ rẹ́rìn-ín sí i débi pé máníjà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sì pẹ́ sígbà náà tó fi kó kọ́kọ́rọ́ yàrá ìlọṣọ lé e lọ́wọ́. Ilẹ̀kùn irin ni, ìta ni wọ́n ti ń fi àgádágodo sí i kí wọ́n má bàa jí aṣọ àwọn oníbàárà kó, máníjà sì ní Àǹtí Jẹ́jẹ́ lòun fọkàn tán jù.

Nígbà tí ọjọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná padà, ó ń gbé omi wọlé nínú kẹ́ẹ̀gì tó fi aṣọ ìnura wé, ó ń gbé e pa mọ́ sábẹ́ tábìlì. Ó ń dọ́gbọ́n rán àwọn tó ń lọṣọ jáde níkọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lọ gba afẹ́fẹ́ sára, á ní kí wọ́n bá òun wo bóyá aṣọ ti gbẹ. Ó fi aṣọ tútù wé ọrùn Màmá Akáṣọ. Àwọn èèyàn rò pé àánú ló ń ṣe é. Àánú wà níbẹ̀, kò sì pọ̀. Ohun tó pọ̀ jù ni pé kò fẹ́ kí yàrá yẹn tún rí ẹnì kan ṣoṣo pa mọ́. Bí ẹnì kan bá jáde láàyè nírọ̀lẹ́, inú rẹ̀ á dùn bí ẹni tó já ẹran gbà lẹ́nu ajá.

Ooru náà wá dé ní kíkún. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí kò sí atẹ́gùn rárá, aboyún kan tó wà nídìí tábìlì kejì dáwọ́ dúró, ó ń wo áyọ́ọ̀nù ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tí kò rí irú ẹ̀ rí. Ó ní kí wọ́n bá òun pe ọkọ òun, pé ọkọ òun wà nínú páìpù. Kó tó sọ ọ́ tán, Àǹtí Jẹ́jẹ́ ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó wọ́ ọ jáde lọ sídìí ẹ̀rọ omi, òun àti Màmá Akáṣọ, wọ́n bọ́ aṣọ lára rẹ̀, wọ́n da omi lé e lórí, wọ́n ki aṣọ bẹ́ẹ̀dì tuntun bọnú omi tútù, wọ́n fi bò ó, Màmá Akáṣọ sì ń fi páálí fẹ́ ẹ bí ẹní ń fẹ́ iná. Nígbà tó yá, aboyún náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ojú rẹ̀ wálẹ̀, ó sì béèrè ohun tó gbé òun débẹ̀. Awakọ̀ sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Àǹtí Jẹ́jẹ́ padà wọlé, ó fa irin kan yọ, ó sì fi já pákó tí wọ́n fi kan fèrèsé kan pa. Atẹ́gùn tó wọlé kò tó nǹkan, síbẹ̀ gbogbo wọn ló kọjú sí i.

Ibẹ̀ ni máníjà bá wọn.

“Ta ló ṣí èyí? Aṣọ òtẹ́ẹ̀lì lẹ tún kì bọ omi yẹn! Aṣọ oníbàárà!”

“Obìnrin yẹn ì bá ti kú, sà,” ni Àǹtí Jẹ́jẹ́ wí. “Òun àti ọmọ inú ẹ̀.”

“Ṣé ìwọ lo máa kọ́ mi níṣẹ́ mi ni? Oyún ló ń ṣe é! Ẹ jáde lọ jẹun, gbogbo yín. Fúnra mi ni mo máa kàn án padà.”

Wọ́n jáde. Máníjà ránṣẹ́ gba òòlù àti ìṣó, ó wọlé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kan pákó mọ́ fèrèsé. Àǹtí Jẹ́jẹ́ dúró ní ìta, ó ń gbọ́ òòlù náà. Kò bá àwọn yòókù lọ sídìí igi tí wọ́n ti ń jẹun. Nígbà tí ìró òòlù dáwọ́ dúró, tó mọ̀ pé fèrèsé ti pa pátápátá, ó rọra fa ilẹ̀kùn irin náà, ó fi àgádágodo kọ́ ọ, ó sì tẹ̀ ẹ́. Ó gbé àpótí kan wá, ó jókòó.

Máníjà kọ́kọ́ rò pé àṣìṣe ni. “Àǹtí Jẹ́jẹ́, o ti tì mí mọ́lé o!”

Àǹtí Jẹ́jẹ́ ki kọ́kọ́rọ́ bọ àpò.

“Mo ní ṣílẹ̀kùn! Ṣé orí ẹ dàrú ni? Wàá gba ìwé lọ sílé lónìí!”

Ó fi òòlù lu ilẹ̀kùn náà, ó tún lu pákó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn, àmọ́ ìṣó tuntun náà kò tú. Nídìí igi, ariwo ẹ̀rọ kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́. Páìpù ń sín, páànù orí ilé ń dún ká-ká nínú oòrùn. Lẹ́yìn àkókò díẹ̀, òòlù náà bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Ohùn tó wá sẹ́nu ilẹ̀kùn lẹ́yìn náà kì í ṣe ohùn ọ̀gá mọ́.

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ ṣí i. Mi ò lè mí. Ẹ ṣojú àánú.”

Láti ọjọ́ tó ti dé ilé iṣẹ́ yẹn, ọjọ́ náà ni máníjà kọ́kọ́ fi “ẹ” bá a sọ̀rọ̀.

“Kí ló ń ṣe ọ́?” ni Àǹtí Jẹ́jẹ́ bi í. Òun náà kò pè é ní sà.

“Ooru! Ooru ni!”

“Ọtí ni. O ti mutí yó. Jókòó síbẹ̀ kí ojú ẹ dá.”

 Lẹ́yìn náà ló gbọ́ tí ọkùnrin náà ń sọkún, ó sì dùn mọ́ ọn. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé kò dùn mọ́ ọn. Ó fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn tó ti ń gbóná, ó di ojú, ó ń gbọ́ ọ bí ẹni tó ń gbọ́ orin.

Màmá Akáṣọ ló kọ́kọ́ padà dé. Ó rí i lórí àpótí, ó rí àgádágodo, ó sì gbọ́ ohùn tó ń bọ̀ látinú ilé. Ó ká ọwọ́ lórí.

“Yéè! Ta ló wà níbẹ̀? Ọmọ mi, ṣí i!”

“Kò tíì tó, Màmá.”

“Á kú o!”

“Àbúrò mi náà kú.”

Ìgbà yẹn ni ohùn inú ilé yí padà. Máníjà ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ní kó bá òun gbé bàtà òun kúrò lójú òjò. Ọ̀rọ̀ náà ń wọ́ nílẹ̀, ó ń kọsẹ̀. Àwọn méjèèjì mọ ohun tí wọ́n ń gbọ́. Màmá Akáṣọ kúnlẹ̀, ó di eteetí aṣọ Àǹtí Jẹ́jẹ́ mú.

Kì í ṣe ìkúnlẹ̀ yẹn ló mú un dìde. Ohun tó sọ lẹ́yìn náà fún gbogbo ẹni tó bi í ni pé ó kàn dédé rí ọjọ́ kejì lójú ara rẹ̀ ni. Ó rí i tí wọ́n pe àwọn òṣìṣẹ́ jọ sínú ọgbà, tí ẹlòmíì tó de táì ń sọ pé ọkàn máníjà ló dáwọ́ dúró, pé ó ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru tẹ́lẹ̀. Bí ọkùnrin náà bá kú, ẹnu tí òun ń wá á pa dé títí ayé, irọ́ náà á sì di òtítọ́.

Ó ṣí àgádágodo náà. Máníjà wó jáde lé e lẹ́sẹ̀. Ó fa táì rẹ̀ já, ó ya ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó wọ́ ọ lẹ́sẹ̀ dé ìdí ẹ̀rọ omi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í da omi lù ú, garawa lórí garawa. Àwọn yòókù ti sáré dé, ó ń pàṣẹ fún wọn: aṣọ tútù, páálí, áìsì inú ṣọ́ọ̀bù iwájú, ẹ fi sábíyá ẹ̀, ẹ pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn. Ọjọ́ náà ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ igbe rẹ̀.

“Mí! Mí jàre! O ò ní kú mọ́ mi lọ́wọ́! Ìwọ ò ní kú, wàá wà láyé, wàá sọ ọ́!”

Ó ń fi omi nà án ni, kì í ṣe pé ó ń wẹ̀ ẹ́. Nígbà tí àwọn oníṣègùn dé, wọ́n ní bí kì í bá ṣe omi yẹn, òkú ni àwọn ì bá gbé. Nọ́ọ̀sì ọjọ́sí wà lára wọn. Ó wo Àǹtí Jẹ́jẹ́, ó wo ilẹ̀kùn.

Ọlọ́pàá mú un kí ilẹ̀ tó ṣú. Kò bá wọn jiyàn.

Lọ́yà kan yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti gbèjà rẹ̀. Ó ní, “Màámi, ẹ sọ pé ẹ ò mọ̀ pé ó wà nínú ilé. Ẹ sọ pé bẹ́ ẹ ṣe máa ń tilẹ̀kùn lójoojúmọ́ lẹ ṣe tì í. Ẹ máa padà sílé yín.”

“Mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.”

“Mo mọ̀ pé ẹ mọ̀. Mo ní kẹ́ ẹ má sọ ọ́ ni.”

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ ní kóòtù ya gbogbo èèyàn lẹ́nu. Ilé iṣẹ́ náà ti kó ọ̀rọ̀ sí máníjà lẹ́nu. Bó bá sọ pé yàrá náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa òun, wọ́n á béèrè ìdí tí wọ́n fi ń kó èèyàn sínú ẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Nítorí náà, máníjà dúró níwájú adájọ́, ọrùn rẹ̀ ti rù, ó sì ní kò sí nǹkan kan tó ṣe òun. Ó ní ó kàn rẹ òun díẹ̀ ni. Ó ní yàrá náà kò gbóná jù. Ẹni tí wọ́n fẹ́ pa ló wá ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ pa á. Lọ́yà Àǹtí Jẹ́jẹ́ ń rẹ́rìn-ín, ó ti rí i pé ẹjọ́ ti tán.

Àǹtí Jẹ́jẹ́ dìde.

“Olúwa mi, irọ́ ló ń pa. Mo tì í mọ́lé kó lè kú. Mo mọ̀ pé yàrá yẹn máa pa á, torí ó ti pa àbúrò mi. Bí wọ́n bá ní mi ò gbìyànjú láti pa á, a jẹ́ pé wọ́n ń sọ pé yàrá yẹn kì í pààyàn. Mi ò gbà. Ẹ dá mi lẹ́bi.”

Lọ́yà rẹ̀ fọwọ́ bojú. Adájọ́, obìnrin kan tó ti ń fi ìwé fẹ́ ara rẹ̀ látàárọ̀, gbé ìwé náà sílẹ̀. Ó pe nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì sì sọ bí ara máníjà ṣe gbóná tó nígbà tí wọ́n gbé e. Adájọ́ wá yíjú sí máníjà, ó ní kó rántí pé ó ti búra, kó tún un sọ: kí ló ṣe é nínú yàrá yẹn?

 Máníjà wo lọ́yà ilé iṣẹ́, ó wo Àǹtí Jẹ́jẹ́ tí kò gbójú kúrò lẹ́nu rẹ̀. 

“Ooru ni,” ló wí. “Mo rò pé mo ti kú. Mo rí ìyá mi.”

“Ẹni tó kú níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá ńkọ́?”

“Ooru ni.”

“O ní ọtí ni.”

“Kì í ṣe ọtí, Olúwa mi. Mi ò gbóòórùn ọtí lẹ́nu ẹ̀. Mo kàn sọ ọ́ ni.”

Ìyàwó Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wà lẹ́yìn, ọmọ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ké igbe kan ṣoṣo. Àǹtí Jẹ́jẹ́ jókòó, ó mí kanlẹ̀, ó sì ní kí máníjà tún un sọ, pé àwọn tó wà lẹ́yìn kò gbọ́. Adájọ́ ní kó dákẹ́.

Wọ́n rán Àǹtí Jẹ́jẹ́ lọ sẹ́wọ̀n. Adájọ́ dín ọdún rẹ̀ kù nítorí pé ó ṣílẹ̀kùn, nítorí pé ó sì gba ẹ̀mí là. Ìjọba ti yàrá ìlọṣọ pa títí wọ́n fi la fèrèsé ńláńlá sí i, tí wọ́n fi nǹkan tó ń dá oòrùn dúró sábẹ́ páànù, tí wọ́n gbé omi mímu síbẹ̀, tí wọ́n sì pàṣẹ pé bí ooru bá ti kọjá ìwọ̀n kan, kí wọ́n dá áyọ́ọ̀nù dúró. Ilé iṣẹ́ da gbogbo ẹ̀bi lé máníjà lórí, wọ́n sì lé e. Àwọn tó ni ilé iṣẹ́ náà gan-an kò yọjú sí kóòtù rí.

Nígbà tí ìgbà ooru tún dé, Àǹtí Jẹ́jẹ́ kò jẹ́ kí àwọn wọ́dà sinmi. Ó ń bá wọn jà títí wọ́n fi gbé àgbá omi sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí wọ́n sì ń ṣílẹ̀kùn yàrá àwọn àgbàlagbà lọ́sàn-án. Ẹ̀wọ̀n náà kò rí ẹnì kankan sin lọ́dún yẹn.

Màmá Akáṣọ wá wò ó. Ó ní gbogbo àwọn ará yàrá ìlọṣọ wà láàyè, pé aboyún ọjọ́sí ti bí, ọmọ ọ̀hún sì lẹ́nu bí ìyá rẹ̀. Àǹtí Jẹ́jẹ́ gbọ́ ọ, ó dúpẹ́.

“Òun ńkọ́?”

“Ta ni?”

“Ẹ mọ̀ ọ́n.”

Màmá Akáṣọ mí kanlẹ̀. “Kò lè jókòó sínú ilé tó pa mọ́. Gbangba ìta ló ń sùn, ilẹ̀kùn ẹ̀ kì í sì í tì. Wọ́n ní olè ti kó o lẹ́rù.”

Àǹtí Jẹ́jẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín jẹ́jẹ́ rẹ̀ yẹn tí kì í dún. “Kí wọ́n tún padà lọ.”

“Ó tó báyìí, ọmọ mi. O ti ṣẹ́gun ẹ̀.”

“Òun ni mo ṣẹ́gun.” Ó sún mọ́ irin tó wà láàárín wọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. “Àwọn tó ni ilé iṣẹ́ yẹn, Màmá. Ẹ bá mi wádìí ibi tí wọ́n ń gbé.”

“Kí lo fẹ́ fi ṣe?”

Wọ́dà ní àkókò ti tó. Àǹtí Jẹ́jẹ́ dìde, ó sọ fún Màmá Akáṣọ pé kó rìn lábẹ́ òjìji délé, kó sì mu omi kó tó kúrò ní géètì.